“Ta ni wọ́n bi?”: bí ìwádìí ṣe ń sọ̀rọ̀ nípa ilé tí kò wọ̀

Lẹ́yìn ìpàdé ọmọ ìlú lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú níbí ní Àbújá, kì í pẹ́ tí ẹnì kan yóò fi yọ fóònù, tí yóò sì ka ohun tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i: ìwádìí fi hàn pé ọmọ méje méje làwọn obìnrin òkè Ọya ń bí, ìwádìí fi hàn pé fíìmù ló ń ba ọmọ jẹ́. Kì í pẹ́ náà tí ẹlòmíì yóò fi dá a lóhùn pé, “Ta ni wọ́n bi? Láti ìgbà tí mo ti dé Kubwa, ẹnikẹ́ni ò bi èmi ní nǹkan kan.” Wọ́n á rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀.

Ó máa ń dùn mí pé ó ń parí síbẹ̀, torí pé ìbéèrè gidi ni. Òun gan-an làwọn onímọ̀ nípa àwùjọ máa ń kọ́kọ́ bi ara wọn bí wọ́n bá mú iṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ wọn lọ́wọ́: ta lẹ bi, báwo lẹ ṣe rí wọn, àwọn wo lẹ ò rí bi? Ìdáhùn wà fún un, kò sì ṣòro láti yé ẹni tí kò lọ sí yunifásítì.

Ẹ jẹ́ ká fi ìwádìí kan tí orúkọ rẹ̀ máa ń jáde lemọ́lemọ́ ṣàlàyé. NDHS (Nigeria Demographic and Health Survey), ìwádìí nípa àwọn ọmọ ìlú àti ìlera wọn, ni wọ́n ń pè é, Àjọ Ìkànìyàn ti orílẹ̀-èdè yìí, National Population Commission, ló sì ń ṣe é. Wọ́n ṣe é ní 1999, 2003, 2008, 2013, 2018, lẹ́yìn náà ní 2023 wọ 2024. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ohun tí à ń gbọ́ nípa ìgbéyàwó, ọmọ bíbí, ìtọ́jú aláboyún àti ìwà ipá láàárín tọkọtaya ti ń jáde, bí akọ̀ròyìn ò bá tiẹ̀ dárúkọ rẹ̀.

Fún ètò ìkànìyàn 2006, wọ́n pín gbogbo Nàìjíríà sí àwọn àdúgbò kéékèèké. Nígbà tí NDHS ti 2018 ń bọ̀, wọ́n ṣẹ́ kèké lórí àwọn àdúgbò yẹn, wọ́n sì mú 1,400 jáde, káàkiri gbogbo ìpínlẹ̀ àti Àbújá. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n rán àwọn òṣìṣẹ́ lọ sí àdúgbò kọ̀ọ̀kan láti kọ orúkọ gbogbo ilé tó wà níbẹ̀ sílẹ̀. Bí ẹ bá ti rí nọ́ńbà tí wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì kọ sára ògiri tàbí ilẹ̀kùn yín, tí ẹ ò mọ ẹni tó kọ ọ́, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé irú àwọn òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ló kọjá. Nínú àkọsílẹ̀ náà ni wọ́n ti mú ìdílé 30 ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan. 1,400 lọ́nà 30 jẹ́ 42,000. Ìdí nìyẹn tí wọn ò fi dé ọ̀dọ̀ yín: kèké ò jáde sí yín.

Ohun tí kò yé ọ̀pọ̀ èèyàn ni pé kèké yẹn gan-an ni agbára ìwádìí náà, kì í ṣe pípọ̀ tí àwọn èèyàn pọ̀. Bí ilé-iṣẹ́ rédíò kan bá ní kí àwọn olùgbọ́ tẹ òun láago kí wọ́n sọ bóyá ìgbéyàwó ń tú ká ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, tí 100,000 èèyàn sì pè, iye yẹn ju ti NDHS lọ ní ìlọ́po méjì, síbẹ̀ kò tó o gbé ara lé. Àwọn tí ọ̀rọ̀ náà ń dùn ló máa pè, àwọn tó ní owó nínú fóònù, àwọn tó ráyè gbọ́ rédíò lásìkò yẹn. Ẹni tí ilé rẹ̀ tòrò kò ní pe ẹnikẹ́ni.

Ẹ wo bó ṣe máa ń rí lójú iṣẹ́. Obìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ìwádìí dé ilé kan ní Nyanya, irú ilé tí yàrá kọjú sí yàrá, ní nǹkan bí aago mọ́kànlá òwúrọ̀. Ó ń wá àwọn tó wà ní yàrá kẹrin. Àgádágodo wà lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá tó ń ṣa ẹ̀wà lẹ́nu yàrá kejì ní, “Wọ́n ti lọ sí ọjà Wuse o. Ẹ jókòó kẹ́ ẹ bi mí, kò sí ohun tí mi ò mọ̀ nílé yìí.” Obìnrin náà kúnlẹ̀ kí i, ó ní, “Ẹ ṣeun mà, èmi á padà wá lálẹ́.” Inú ìyá ò dùn rárá. Lójú tirẹ̀, wọ́n fojú di òun, ó sì dà bíi pé òṣìṣẹ́ náà kàn ń dá ara rẹ̀ lágara.

Ṣùgbọ́n òfin ni. Wọn kì í fi ilé kan dípò ilé mìíràn. Wọ́n gbọ́dọ̀ padà síbẹ̀ léraléra kí wọ́n tó gbà pé àwọn ò bá onílé. Tí wọ́n bá ń bi ẹni tí wọ́n bá nílé, aago mọ́kànlá òwúrọ̀ máa yọ ìyá ọlọ́jà kúrò, á yọ òṣìṣẹ́ ìjọba kúrò, á yọ gbogbo ẹni tó ti wọ ọkọ̀ láti aago márùn-ún ìdájí kúrò. Ìwé tó máa jáde á sọ fún wa pé ìdajì obìnrin Àbújá ló ń jókòó sílé lọ́sàn-án.

Bí wọ́n bá wá bá onílé, ìbéèrè àkọ́kọ́ á yà á lẹ́nu. Wọn kì í bèèrè ọmọ tí ẹ bí lẹ́yìn orúkọ. Wọ́n máa ní: àwọn wo ló ń gbé níbí, àwọn wo ló sùn síbí mọ́jú òní? Àwọn tó ń gbé pọ̀, tí wọ́n ń jẹun pọ̀, tí wọ́n sì gba ẹnì kan ní olórí ni ìdílé lójú ìwádìí. Ọmọ àbúrò yín tó wá láti Ògbómọ̀ṣọ́, tó ti ń bá yín gbé láti ọdún mẹ́ta, wà nínú kíkà. Ọmọ yín gan-an tó ń gbé ní ilé akẹ́kọ̀ọ́ ní Ìlọrin kò sí níbẹ̀. Àwọn baba kan máa ń bínú sí èyí. Àmọ́ ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀ ni iye ẹnu tó ń jẹun níbẹ̀ àti iye àwọ̀n ẹ̀fọn tó wà nílé náà. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ogún pínpín.

Nísinsìnyí, ọmọ méje méje yẹn. NDHS ti 2013 sọ pé obìnrin Nàìjíríà ń bí ọmọ 5.5, ti 2018 sọ pé 5.3; ti 2023 wọ 2024 sọ pé 4.8. Ní 2018, Katsina ló ga jù, 7.3, Èkó ló sì kéré jù, 3.4. Kò sí obìnrin kan láyé tó bí ọmọ mẹ́ta àti díẹ̀. Báwo ni wọ́n ṣe wá rí i?

Wọ́n máa ń kó gbogbo obìnrin tó wà láàárín ọmọ ọdún 15 sí 49 sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ orí wọn, wọ́n á wo iye ọmọ tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan bí láàárín ọdún mẹ́ta tó ṣáájú ìwádìí. Wọ́n á wá bèèrè pé: ká ní obìnrin kan bẹ̀rẹ̀ láti ọmọ ọdún 15, tó sì ń bímọ ní gbogbo ọjọ́ orí rẹ̀ bí àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí ṣe ń bí i báyìí, mélòó ló máa bí kó tó dákẹ́? Ìdáhùn yẹn ni 5.3. Obìnrin inú ìṣirò ni. Ìdí nìyẹn tí ìyá tó bí mẹ́sàn-án ní Daura àti ìyàwó ilé tó bí méjì péré ní Funtua fi lè jẹ́ ọmọ Katsina, tí kò sì sí èyí tó sọ 7.3 di irọ́ nínú wọn. Nọ́ńbà náà wúlò fún ìjọba tó fẹ́ mọ iye ilé ìwé tí yóò kọ́ lọ́dún mẹ́wàá òní. Kò wúlò fún ẹni tó fẹ́ mọ ohun tó wà lọ́kàn aládùúgbò rẹ̀.

Ó kàn wá jinlẹ̀, àwa Yorùbá tó wà lókè Ọya. Bí wọ́n bá ní “Àríwá”, ṣé àwa náà wà níbẹ̀? A wà níbẹ̀, kódà ju bí a ṣe rò lọ. Ìpín mẹ́fà ni ìwádìí orílẹ̀-èdè máa ń pín Nàìjíríà sí, wọ́n sì kó Kwara, Kogi, Niger, Benue, Plateau, Nasarawa àti Àbújá pọ̀ sí Àríwá-Àárín Gbùngbùn. Ọmọ Ìlọrin, ọmọ Ọ̀fà, ọmọ Kàbbà wà ní Àríwá lójú tábìlì yẹn. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí Ìlọrin ò jìnnà sí wà ní Gúúsù-Ìwọ̀ Oòrùn. Ẹni tó bá fi nọ́ńbà Àríwá-Àárín Gbùngbùn dá Yorùbá àti Hausa lẹ́jọ́, ọmọ Yorùbá ló ń kà mọ́ Hausa láìmọ̀.

Yàtọ̀ sí ìyẹn, NDHS máa ń bèèrè ẹ̀yà ẹni tí wọ́n ń bi, ṣùgbọ́n tí ẹ bá pín ìdílé 42,000 yẹn sí ìpínlẹ̀ 36 àti Àbújá, ẹgbẹ̀rún kan ó lé díẹ̀ ló kan ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Mélòó nínú ẹgbẹ̀rún kan ti Katsina ni kèké máa jáde sí tó jẹ́ ti Yorùbá? Díẹ̀ gan-an. Nítorí náà kò sí bí ìwé yẹn ṣe lè sọ bí ìdílé Yorùbá ṣe ń gbé ní Katsina. Tí ẹnì kan bá fi í sọ ọ́, tirẹ̀ ló ń sọ.

Iye wa ńkọ́? Ìkànìyàn 1991 àti ti 2006 kò bèèrè ẹ̀yà, wọn ò sì bèèrè ẹ̀sìn, nítorí ìjà tí ìbéèrè méjèèjì máa ń dá sílẹ̀. Èyí tí wọ́n fẹ́ ṣe ní 2023, wọ́n sún un síwájú. Ẹnikẹ́ni tó bá dìde ní ìpàdé tó ní àwa Yorùbá tó wà ní Àbújá tó báyìí báyìí, àfojúdá ni. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn àgbà tí mo bọ̀wọ̀ fún, mo sì ń sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀: kò sí ìwé tí nọ́ńbà yẹn ti wá. Ẹ tún rántí pé ẹni tó ń gbé ní Mararaba, tó ń bọ̀ sí Area 1 láràárọ̀, tó sì ń pe ara rẹ̀ ní ará Àbújá, ìpínlẹ̀ Nasarawa ni wọ́n máa kà á mọ́.

Ọ̀rọ̀ fíìmù tó ń ba ọmọ jẹ́ yàtọ̀. Níbẹ̀, kò tó láti mọ àwọn tí wọ́n bi. Ká ní olùwádìí kan bi ẹgbẹ̀rún ọmọ ilé ìwé, ó sì rí i pé àwọn tó ń wo fíìmù jù ni kì í ṣe dáadáa nínú ìdánwò. Òótọ́ ni ohun tó rí. Ṣùgbọ́n ọmọ wo ló ń wo fíìmù láti ọ̀sán títí di alẹ́ ní Karu? Ọ̀pọ̀ ìgbà, ọmọ tí ìyá rẹ̀ wà nínú gósìlóò Nyanya ni, tí bàbá rẹ̀ ò tíì dé, tí kò sí ẹni tó máa wo ìwé rẹ̀. Tí ẹ bá gba tẹlifíṣọ̀n lọ́wọ́ ọmọ yẹn lónìí, ìyá rẹ̀ ò ní tètè dé lọ́la. Nǹkan méjì tó ń rìn pọ̀ kì í fi gbogbo ìgbà jẹ́ pé ọ̀kan ló bí èkejì. Ẹnìkẹta lè wà tó bí àwọn méjèèjì.

Bí wọ́n bá fẹ́ mọ̀ dájú, kèké ni wọ́n tún máa padà sí, lọ́nà mìíràn. Abhijit Banerjee, tó wà lára àwọn tó gba ẹ̀bùn Nobel fún ètò ọrọ̀ ajé ní 2019, pẹ̀lú Eliana La Ferrara àti Victor Orozco, ṣe irú ẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá pẹ̀lú eré orí tẹlifíṣọ̀n tó ń jẹ́ MTV Shuga, tó ń sọ nípa àrùn HIV. Wọ́n ṣẹ́ kèké fún àwọn àdúgbò: àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò kan wo Shuga, àwọn ti ibòmíràn wo eré mìíràn tí kò mẹ́nu ba HIV. Níwọ̀n bó ti jẹ́ kèké ló pín wọn, ọlọ́rọ̀ àti tálákà, ọmọ tó gbọ́ràn àti èyí tí kò gbọ́ràn, ló pín sí ọ̀tún àti òsì. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, àwọn tó wo Shuga tó lọ ṣe àyẹ̀wò HIV tó ìlọ́po méjì àwọn tí kò wò ó. Ìyẹn la fi lè sọ pé eré náà ló fà á. Ẹ kíyè sí i pé fíìmù ló ṣe rere níbí. Bí ìròyìn bá tún sọ fún yín pé nǹkan kan ló fa nǹkan kan nínú ìdílé, ẹ wò ó bóyá wọ́n pín àwọn èèyàn báyìí, tàbí wọ́n kàn bá nǹkan méjì níbi kan náà.

Irú ìwádìí kẹta ló máa ń mú kí àwọn èèyàn wa ṣẹnu ṣúṣú jù. “Ogún èèyàn péré ló bá sọ̀rọ̀, wọ́n sì fún un ní oyè ọ̀mọ̀wé!” Wọ́n fún un, ó sì tọ́ sí i bó bá ṣe é dáadáa. Kì í ṣe iye ni irú ìwádìí yìí ń wá, bí nǹkan ṣe ń ṣẹlẹ̀ ló ń wá.

Ká mú ìbéèrè kan tó ń dun gbogbo wa: èdè wo lẹ ń sọ nílé? Bí òṣìṣẹ́ tó mú fọ́ọ̀mù dání bá bi bàbá ọmọ Ìbàdàn kan ní Kaduna, ó máa ní “Yorùbá ni,” wọ́n á sì fi àmì sí i. Olùwádìí tó jókòó sílé yẹn di alẹ́ á gbọ́ nǹkan mìíràn. Ìyá pe ọmọ ní Yorùbá: “Wá gbé ìkòkò yìí.” Ọmọ dáhùn ní Hausa: “Ina zuwa,” ìyẹn ni pé, mò ń bọ̀. Tẹ̀gbọ́n tàbúrò jà lórí rìmóòtù, Hausa ni wọ́n fi jà á. Iṣẹ́ àṣetiléwá, Gẹ̀ẹ́sì. Bàbá gbàdúrà kí wọ́n tó sùn, Yorùbá ìjìnlẹ̀, àwọn ọmọ ní “Àmín” níbi tó yẹ kí wọ́n ṣe é. Bí wọ́n bá fi àmì yẹn sí ìdílé ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì, kò sí ọ̀kan tó máa sọ pé Yorùbá ti di èdè tí òbí ń sọ, tí ọmọ ń gbọ́, tí kò sì fi dáhùn. Ilé mẹ́wàá tí èèyàn jókòó sí dáadáa á sọ ọ́. Ohun tí kò lè sọ ni iye ilé tó rí bẹ́ẹ̀ ní Kaduna. Fún ìyẹn, a óò tún padà sọ́dọ̀ àwọn oní-kèké. Àwọn méjèèjì nílò ara wọn, ó sì máa ń ká mi lára bí mo bá gbọ́ tí wọ́n ń fi ọ̀kan bú èkejì.

Àpẹẹrẹ tó sún mọ́ wa wà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, Abner Cohen, onímọ̀ nípa àṣà àti ìgbé ayé ẹ̀dá, lọ gbé láàárín àwọn Hausa ní Sàbó, Ìbàdàn. Ohun tó fẹ́ mọ̀ ni bí àwọn àlejò ṣe di òwò obì àti òwò màlúù mú. Ó rí i pé ọ̀rọ̀ náà wà nínú bí wọ́n ṣe ń gbé pọ̀: onílé tó ń gba àlejò oníṣòwò, tó ń bá a tà, tó ń dúró fún un níbi àwìn. Fọ́ọ̀mù kankan ò lè bèèrè ìyẹn, torí ẹni tó kọ fọ́ọ̀mù ò tíì mọ̀ pé ó wà láti bèèrè. Ó wù mí kí ẹnì kan ṣe irú ẹ̀ fún àwọn oníṣòwò Yorùbá tó wà ní Sabon Gari Kano kí àwọn àgbà ibẹ̀ tó tán.

Ó ku ohun tó máa ń dá wàhálà sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Láàárín ìwádìí NDHS, òṣìṣẹ́ lè ní kí ọkọ jọ̀wọ́ bọ́ síta díẹ̀. “Kí lẹ fẹ́ bi ìyàwó mi tí mi ò gbọdọ̀ gbọ́?” Mo mọ bó ṣe máa ń rí lára. Ìbéèrè nípa ìwà ipá nínú ilé ni. Obìnrin kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń bi í nínú ìdílé kọ̀ọ̀kan, ní ìkọ̀kọ̀, bí ẹnikẹ́ni bá sì wọlé, wọ́n gbọ́dọ̀ dá ìbéèrè náà dúró. Bí ọkọ bá jókòó síbẹ̀, obìnrin tí wọ́n ń nà á sọ pé wọn kì í na òun. Bí ọkọ bá gbọ́ lẹ́yìn náà, ìyà lè jẹ ẹ́ nítorí ìwádìí. Ẹ jẹ́ kó dá wà fún ìṣẹ́jú díẹ̀ yẹn, kódà tí ilé yín bá tòrò.

Wọ́n sì lè ní àwọn fẹ́ gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ní ìka ọmọ. Ní 2018, wọ́n ṣe àyẹ̀wò ibà, àìtó ẹ̀jẹ̀ àti jínótáìpù àwọn ọmọ kéékèèké. Lókè Ọya, ẹ̀jẹ̀ ọmọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ní 1996, nígbà tí àrùn yírùnyírùn ń jà ní Kano, ilé-iṣẹ́ Pfizer dán oògùn Trovan wò níbẹ̀ nínú ìwádìí tí ọmọ 200 wà nínú rẹ̀. Ọmọ 11 kú, àwọn òbí sì ní wọn ò sọ fún àwọn pé ìdánwò ni. Ilé-iṣẹ́ náà kò gbà pé oògùn òun ló pa wọ́n. Ní 2009 ló gbà láti san mílíọ̀nù 75 dọ́là kó tó parí ẹjọ́ pẹ̀lú ìjọba Kano. Ìyá tó ti ilẹ̀kùn mọ́ olùwádìí ní Kano, ìdí wà tó fi tì í.

Lónìí, ìwádìí tó kan ara èèyàn gbọ́dọ̀ gba àṣẹ lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ìwà ọmọlúàbí nínú ìwádìí, àwọn yunifásítì sì ní tiwọn. Ẹni tó bá kanlẹ̀kùn yín gbọ́dọ̀ sọ ẹni tó rán an, ohun tí wọ́n ń wádìí, bó ṣe máa pẹ́ tó, àti pé ẹ lè kọ̀. Ẹ lè dáhùn mẹ́wàá kẹ́ ẹ fo ìkọkànlá. Orúkọ yín kò gbọ́dọ̀ jáde. Ẹ bèèrè káàdì ìdánimọ̀, ẹ bèèrè nọ́ńbà ọ̀gá rẹ̀, kẹ́ ẹ pè é níwájú rẹ̀. Òṣìṣẹ́ gidi kò ní bínú. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ mú nọ́ńbà BVN tàbí káàdì báńkì wá, olè ni, kì í ṣe olùwádìí.

Bí ẹ bá kọ̀, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀ pé ilé yẹn kọ̀, wọn ò sì ní mú ẹlòmíì rọ́pò yín. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe kọ ọ́ pé ní 2018, àdúgbò 11 nínú 1,400 ni wọn ò lè ṣe nítorí àìsí ààbò, àti pé ọ̀pọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ ní Borno ni wọn ò tiẹ̀ fi sínú kèké. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń wà níwájú ìwé, nínú orí tí àwọn akọ̀ròyìn kì í kà. Ibẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ ṣí.